Ẹ Fi Ibi Tí Omi Ilé Yín Ń Gbà Hàn Mí Kí N Tó Kan Báà Sábẹ́ Rẹ̀

Olóòtú Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú làálàá. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ń ṣe. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà, ibẹ̀ ni mo ti ṣe fìrídọ́ọ̀mù kí n tó rìnrìn àjò, ó sì ti lé ní ogún ọdún báyìí tí mo ti ń fi ayùn àti òòlù jẹun ní ìpínlẹ̀ Maryland, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Mo ń kọ lẹ́tà yìí nípa yàrá abẹ́ ilé, èyí tí gbogbo wa níhìn-ín ń pè ní bésímẹ́ǹtì, àti nípa báà pẹ̀lú kọ́bọ́ọ̀dù àkànmọ́giri tí àwọn èèyàn wa ń ná owó ńlá lé lórí nínú rẹ̀. Ìwé ìròyìn yín ni mo yàn nítorí pé bí tọkọtaya bá ń ṣírò owó ilé lóru, Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí bá wọn níbẹ̀, kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni wá wọn ògiri.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ìdílé kan yóò ra ilé, wọn yóò gbé inú rẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà ni ojú wọn yóò lọ sí abẹ́ ilé tí wọ́n ti ń kó àpótí jọ sí. Wọn yóò rò ó pé ọmọ ń dàgbà, pé àlejò ń bọ̀ láti ilé, pé ìsọmọlórúkọ àti ayẹyẹ ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún kò jìnnà mọ́, pé owó gbọ̀ngàn tí à ń háyà sì ti ń ga jù. Ọkọ yóò fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀: báà gígùn tí òkúta dídán bò lórí, tí iná aláwọ̀ aró ń tàn lábẹ́ rẹ̀, tí ìgò sì tò lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ìyàwó yóò fi tirẹ̀ hàn mí: kọ́bọ́ọ̀dù funfun láti ilẹ̀ dé àjà, tí wọ́n fi àyè tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ láàárín rẹ̀. Wọn yóò wá béèrè pé, "Bọ̀dá, èló lẹ máa gbà?" Ohun tí mo máa ń fi dá wọn lóhùn kò yí padà láti ọjọ́ pípẹ́ wá: ẹ kọ́kọ́ fi ibi tí omi ilé yín ń gbà wọlé hàn mí, àti ibi tó ń gbà jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í mọ̀ ọ́n.

Àwọn tó wà nílé lè máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí ilé fi ní yàrá nínú ilẹ̀ rárá. Òtútù ló fà á. Nígbà òtútù, omi tó wà nínú ilẹ̀ máa ń di yìnyín, yìnyín sì máa ń wú. Bó bá wú lábẹ́ ìpìlẹ̀, á gbé ilé náà sókè, ògiri á sì là. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kí ìpìlẹ̀ wọlẹ̀ kọjá ibi tí yìnyín lè dé: íǹṣì 30 ni ní agbègbè tiwa yìí, íǹṣì 42 ni ní Chicago. Ẹni tó bá sì ti gbẹ́ ilẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀, kò kúkú ku púpọ̀ mọ́ kó gbẹ́ ẹ dé ìwọ̀n yàrá. Àwọn ará wa tó wà ní Houston kì í sábà ní bésímẹ́ǹtì ní tiwọn, torí pé òtútù ibẹ̀ kì í mú ilẹ̀ dì, ilẹ̀ ibẹ̀ sì jẹ́ amọ̀ tó máa ń wú bí òjò bá rọ̀, tó sì máa ń sún kì bí ọ̀dá bá dá. Àwọn tó ń kọ́lé sí Lẹ́kí náà máa ń béèrè lọ́wọ́ mi nígbà mìíràn, torí pé bésímẹ́ǹtì tí wọ́n rí níhìn-ín wù wọ́n. Mo máa ń ní kí wọ́n rò ó dáadáa, nítorí omi abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kò jìnnà sí ojú ilẹ̀.

Yàrá tí ilẹ̀ yí ká ló yẹ kí a máa rò bí a bá ń rò ó, kì í ṣe pálọ̀. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ sí àgbàlá, ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn ló ń gbà kọjá. Kọnkéré le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fa omi díẹ̀díẹ̀, ojú kì í sì í rí i.

Ní ilé kan ní ìlú Bowie, onílé búra fún mi pé láti ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀, omi kò wọ abẹ́ ilé wọn rí. N kò bá a jiyàn. Mo gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, ẹsẹ̀ bàtà 2 ní gígùn àti ní ìbú, mo tẹ́ ẹ sórí kọnkéré ní igun tí wọ́n fẹ́ kan báà sí, mo fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀ pinpin, mo sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí mo padà dé, omi wínníwínní ti sẹ̀ sí abẹ́ ọ̀rá náà bí èyí tí í wà lára ọmọrí ìkòkò ìrẹsì, kọnkéré tó wà níbẹ̀ sì ti dúdú ju èyí tó yí i ká lọ. Ìyàwó ilé kúnlẹ̀, ó fi ìka tọ́ ọ, kò sọ nǹkan kan. Bó bá jẹ́ orí ọ̀rá ni omi náà wà, inú afẹ́fẹ́ yàrá ni ì bá ti wá. Nígbà tó ti jẹ́ abẹ́ rẹ̀ ni, láti inú ilẹ̀ ni. Ká ní a kan kọ́bọ́ọ̀dù MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, lé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà ni, kí ọdún tó yípo ni ìdí rẹ̀ ì bá ti wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi.

Ìta ilé ni wọ́n kọ́kọ́ ná nínú owó báà náà sí, mo sì mọ̀ pé kò dùn mọ́ wọn nínú. Omi tó ń ti orí òrùlé wá ń dà sí ẹsẹ̀ ògiri gan-an, nítorí náà a fa páìpù gọ́tà síwájú, wọ́n sì da yẹ̀pẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé títí ilẹ̀ fi dagẹ̀rẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ìwọ̀n tí ìlànà ìkọ́lé tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níhìn-ín ń tẹ̀ lé ń béèrè ni pé kí ilẹ̀ fi íǹṣì 6 lọ sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 àkọ́kọ́. Kòtò kékeré kan wà ní igun bésímẹ́ǹtì wọn tí ẹ̀rọ ti ń fa omi jáde. A fi bátìrì kún un, nítorí ìjì tó ń gbé òjò ńlá wá náà ló sábà máa ń mú iná lọ, ẹ̀rọ tí kò sì níná kò lè fa omi kankan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo tún ọ̀rá tẹ́ sí igun kan náà, ó gbẹ. Ìgbà náà ni mo tó yọ pẹ́ńsù mi.

Nǹkan kan tún wà tí ó yẹ kí a wò kí a tó bo ògiri, èyí ni afẹ́fẹ́ radon. Inú ilẹ̀ ló ti ń jáde, kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀, abẹ́ ilé ló sì máa ń pọ̀ sí jù. Lẹ́yìn sìgá, òun ni ìjọba Amẹ́ríkà kà sí ohun tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jù lọ. Ohun èlò tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kò wọ́n, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ń tà á. Bí ó bá fi 4 hàn lórí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń kà á níhìn-ín, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, páìpù tí yóò gbé e jáde lókè òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Páìpù yẹn nílò àyè, ó sì sàn kí àyè rẹ̀ wà nínú àwòrán ju kí a wá lu kọ́bọ́ọ̀dù tuntun nítorí rẹ̀.

Ohun tó mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí gan-an ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan. Aago mẹ́wàá ti kọjá nígbà tí obìnrin kan tí mo mú bí àbúrò pè mí. Ọjọ́ kejì ni ìsọmọlórúkọ ọmọ rẹ̀. Páìpù tó gbé omi lọ sí ilé ìdáná ti bẹ́, omi sì ń dà láti àjà bésímẹ́ǹtì sórí kápẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti to àga àlejò sí. Mo ní kí wọ́n ti kọ́ọ̀kì àgbà, èyí tí a fi ń dá omi gbogbo ilé dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, a ò rí i." Kọngílá tó ṣe abẹ́ ilé náà fún wọn lọ́dún tó ṣáájú ti kan kọ́bọ́ọ̀dù lé e lórí. Nígbà tí mo débẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti kó gbogbo ìwé kúrò lórí pẹpẹ, ó ń fi iná fóònù wá ohun tí kò mọ ibi tó wà. Mo fi ìka lu ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù náà láti òkè wá sísàlẹ̀ títí mo fi gbọ́ ibi tó dún yàtọ̀, mo sì ti ayùn bọ̀ ọ́. Pákó gidi ni. Gọ́ọ̀mù àti ìṣó ni wọ́n fi dè é pọ̀, kò sí sikúrúù kan ṣoṣo níbẹ̀ tí èèyàn lè tú. Ìyá àgbà tó wá láti Ìlọrin láti wẹ ọmọ dúró lórí àtẹ̀gùn, ó gbé ọmọ tuntun náà dání, ó ń wo bí mo ṣe ń gé ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi owó iṣẹ́ òru ṣe. Bí ọwọ́ mi ṣe kan kọ́ọ̀kì náà tí mo sì yí i báyìí ni omi dá.

Inú ń bí mi sí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Kọngílá náà rí kọ́ọ̀kì yẹn pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ kó tó kàn án pa. Ilẹ̀kùn kékeré kan tí mágínẹ́ẹ̀tì gbé dúró, tí kò ju ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé ìwé lọ, ni ì bá gba ibẹ̀.

Nítorí náà, ìlà àkọ́kọ́ tí mo máa ń fà lórí ìwé ni ti àwọn ohun tí kò ṣeé ṣí nípò, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dí. Bọ́ọ̀dù iná ilé ni ó ṣáájú: òfin ní kí àyè tó ṣófo, tó fẹ̀ tó íǹṣì 30, tó sì jìn tó íǹṣì 36, wà níwájú rẹ̀, kí oníná lè dúró ṣiṣẹ́ láìfara kan nǹkan mìíràn; a kò gbọdọ̀ kó ìgò tàbí pẹpẹ síbẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó. Ẹ̀rọ amúlégbóná àti táǹkì omi gbígbóná nílò ọ̀nà láti wọlé tún wọn ṣe, àti láti gbé wọn jáde lọ́jọ́ tí wọ́n bá kú, wọn yóò sì kú lọ́jọ́ kan. Ẹnu páìpù tí púlọ́ńbà ń gbà ṣí ìdọ̀tí, kọ́ọ̀kì àgbà, kòtò omi, gbogbo wọn ni mo máa ń yí róbótó pupa sí lórí àwòrán. Àyè tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìyẹn ni ti kọ́bọ́ọ̀dù àti báà. Nígbà mìíràn, kì í pọ̀.

Báà fúnra rẹ̀ ń jẹ àyè ju bí àwòrán fóònù ṣe ń fi hàn lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ pọ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn ẹni tó ń bu ohun mímu yóò gba íǹṣì 24. Ibi tí ẹni náà yóò dúró sí, tí yóò ti lè bẹ̀rẹ̀ ṣí fíríìjì, yóò gba 36. Ojú iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ yóò gba 24 mìíràn, ògiri kúkúrú tó gbé báà dúró yóò gba 5, etí báà tó yọ sí ọ̀dọ̀ àlejò kí orúnkún lè wọlé yóò sì gba 10. Íǹṣì 99 nìyẹn, àlejò kò sì tíì jókòó. Bí a bá fi 36 kún un fún àga àti fún ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀yìn àga kọjá, ó di íǹṣì 135, èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 11 àti íǹṣì 3. Bésímẹ́ǹtì ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó so mọ́ra níhìn-ín kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 18 lọ kí àtẹ̀gùn tó mú tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá kan irú báà yẹn síbẹ̀ ti sọ yàrá ijó di ojú ọ̀nà. Báà tó fara ti ògiri kan ṣoṣo, tó jìn ní íǹṣì 24, tí pẹpẹ wà lókè rẹ̀, tí fíríìjì kékeré sì wà lábẹ́ rẹ̀, ni mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe. Àlejò lè dúró síwájú rẹ̀, àárín yàrá sì ṣẹ́ kù fún ẹsẹ̀.

Síǹkì ló máa ń fa àríyànjiyàn. Omi tó ń wọlé kò le. Omi tó ń jáde ni ìṣòro. Ní ọ̀pọ̀ ilé, páìpù ìdọ̀tí gba ara ògiri jáde ní ibi tó ga ju ilẹ̀ bésímẹ́ǹtì lọ, omi kì í sì í gun òkè. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ mìíràn ni yóò máa ti omi síǹkì yẹn sókè, pẹ̀lú páìpù afẹ́fẹ́ tirẹ̀, pẹ̀lú ariwo tirẹ̀. Bí ilé ìwẹ̀ bá ti wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí báà dojú kọ ẹ̀yìn ògiri rẹ̀, kí ọ̀nà omi wọn jẹ́ ọ̀kan. Bí kò bá sí, mo rò pé kí a gbàgbé síǹkì. Àwo ìfọṣọ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì yìnyín ti tó ìnáwó ṣe láti ọjọ́ tí a ti ń ṣe é. Ẹni tí yóò bá ṣe síǹkì, kí ó rántí pé ojú iná tó bá wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 6 sí síǹkì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò gba inú omi tàbí ara èèyàn. Fíríìjì tí a ó tì bọ abẹ́ báà pẹ̀lú, kí ó jẹ́ irú èyí tó ń mí láti iwájú; èyí tó ń mí láti ẹ̀yìn yóò gbóná títí yóò fi kú sínú ihò náà.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àwọn tí yóò jókòó síbẹ̀, nítorí àwòrán tí a ń wò lórí fóònù, ilé àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n yà á fún. Báà tí wọ́n ń kàn níhìn-ín ga ní íǹṣì 42, àga tó bá a mu sì ga ní íǹṣì 30. Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nígbà tó wá kí wa, n kò lè sọ fún un pé kó gun irú àga bẹ́ẹ̀, n kò sì lè jókòó lókè kí bàbá mi wà nísàlẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo báà tí mo bá kàn fún ìdílé wa ni mo máa ń já apá kan rẹ̀ sílẹ̀ dé íǹṣì 30, gíga tábìlì oúnjẹ, kí àga gidi tó ní ẹ̀yìn àti apá lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ń jókòó. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá bí kò bá sí àlejò. Àjà pẹ̀lú ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí: ìlànà ní kí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7, ṣùgbọ́n ó gbà kí abẹ́ igi àjà àti páìpù afẹ́fẹ́ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 4. Ẹ má ṣe gbé báà sí abẹ́ ibi tó kúrú yẹn. Obìnrin tó we gèlè sókè dáadáa yóò bẹ̀rẹ̀ lórí ìdúró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé àwọn kì í mutí, pé báà kò yẹ ilé onígbàgbọ́ tàbí ilé mùsùlùmí. Mo gbà pẹ̀lú wọn, mo sì ti kan èyí tí wọ́n fi ń gbé sóbò, mọ́ọ̀tì àti omi nìkan, tó lẹ́wà púpọ̀. Fún àwọn tó bá fẹ́ ọtí níbẹ̀, mo máa ń ní kí kọ́bọ́ọ̀dù ọtí líle ní kọ́kọ́rọ́ láti ọjọ́ tí a ti kàn án, nítorí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni yóò máa lo yàrá yẹn ju gbogbo wa lọ.

Ní ti kọ́bọ́ọ̀dù àkànmọ́giri, ìkòkò ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọn kúlà yín, ẹ wọn ìkòkò ìnáwó yín, ẹ wọn àga tí ń ká, ẹ wọn àpótí aṣọ òkè. Kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù jìn ní íǹṣì 24, inú rẹ̀ kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ìkòkò tí a fi ń se ìrẹsì àádọ́ta èèyàn kò lè wọ ibẹ̀, orí kápẹ́ẹ̀tì ni yóò sì máa gbé. Mo máa ń fi ìsàlẹ̀ apá kan sílẹ̀ láìsí pẹpẹ, ní íǹṣì 28 ní jíjìn, fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Pẹpẹ ìwé kò nílò ju íǹṣì 12 ní jíjìn lọ, n kì í sì í jẹ́ kí pílíwúùdù tó nípọn tó mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì kan nà ju íǹṣì 32 lọ láìsí òpó lábẹ́ rẹ̀, nítorí ìwé wúwo, pákó yóò sì tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ojú yóò fi rí i. Pílíwúùdù ni mo ń lò, n kì í lo MDF nísàlẹ̀ ilé. Pákó tí yóò fara kan kọnkéré gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi oògùn sí. Kọ́bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ ike ni mo máa ń gbé e lé, kí omi tó bá dà sílẹ̀ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ̀yìn rẹ̀, sikúrúù ni, kì í ṣe gọ́ọ̀mù.

Ọ̀gá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde kì í jẹ́ kí a fọwọ́ kan pákó ọ̀mọ̀ tàbí ọ̀gànwó tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ìlagi. Ó máa ń ní kí a tò ó sínú ṣọ́ọ̀bù, kí a fi igi wẹ́wẹ́ ya wọ́n sọ́tọ̀, kí ó "mọ ilé". Nígbà náà, mo rò pé ó kàn fẹ́ fi àkókò wa ṣòfò ni. Níhìn-ín, níbi tí ooru ti máa ń mú ọ̀rinrin wá, tí ẹ̀rọ amúlégbóná sì máa ń fa gbogbo ọ̀rinrin yẹn gbẹ nígbà òtútù, mo ti rí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣí dáadáa ní oṣù Kejì, tí kò ṣí mọ́ rárá ní oṣù Keje. Mo máa ń kó pákó sínú bésímẹ́ǹtì onílé fún odidi ọ̀sẹ̀ kan kí n tó gé e, mo sì máa ń ní kí wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, kí wọ́n má jẹ́ kí ó kọjá ìdajì, ìyẹn 50 nínú 100.

Fèrèsé ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má fọwọ́ kékeré mú. Bí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n bá wá láti ilé, bésímẹ́ǹtì ni wọ́n sábà máa ń sùn. Ìlànà ní kí yàrá tí èèyàn ń sùn ní fèrèsé tí ó lè gbà jáde: kí ẹnu rẹ̀ ga tó íǹṣì 24, kí ó fẹ̀ tó 20, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má sì ga ju íǹṣì 44 lọ láti ilẹ̀. Pẹpẹ tí a kàn bo irú fèrèsé bẹ́ẹ̀, tàbí tẹlifíṣọ̀n tí a gbé kọ́ sí iwájú rẹ̀, ti sọ yàrá náà di àhámọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, nígbà tí àṣẹ́kù ìjì Ida dé New York, èèyàn 11 ló kú sínú omi ní àwọn ilé abẹ́ ilẹ̀ ìlú náà. Èmi kò gbàgbé ìròyìn yẹn nígbàkigbà tí onílé bá ní kí n ti fèrèsé pa kí ògiri lè gún dáadáa. N kì í ṣe é.

Ní ti owó, òfin ìpínlẹ̀ Maryland ni pé ẹni tó bá fẹ́ tún ilé ṣe fún yín gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ yàn fún iṣẹ́ náà, kò sì gbọdọ̀ gbà ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó iṣẹ́ lọ ṣáájú. Ẹni tó bá ní kí ẹ san ìdajì, ó ti rú òfin kí ó tó gbé òòlù. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn wa kì í fẹ́ rí wolé-wolé, a ti sá fún wọn láti ilé wá, ṣùgbọ́n èyí tó ń wá yẹ iná àti páìpù wò níhìn-ín, ẹ̀yin ni ó ń ṣiṣẹ́ fún. Òun ni ì bá ti béèrè lọ́wọ́ kọngílá yẹn pé níbo ni kọ́ọ̀kì wà.

Mo padà lọ tún ilé àbúrò mi náà kàn. Báà rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ báyìí, ó fara ti ògiri, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ lọ́wọ́ òsì sì jẹ́ tábìlì àgbà. Kọ́ọ̀kì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kékeré tí mo ṣe sí ara kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì so káàdì pupa mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tí mo parí iṣẹ́, mo pe àkọ́bí wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo ní kó fi ibi tí omi ilé wọn ń gbà wọlé hàn mí. Ó ṣí ilẹ̀kùn náà, ó di kọ́ọ̀kì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì yí i títí ìyá rẹ̀ fi kígbe láti òkè pé omi ti lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Káfíńtà ọmọ Ìjẹ̀bú,
Ìpínlẹ̀ Maryland, Amẹ́ríkà.